Orúkọ Tí Kùrukùru Bí

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹwàá, ìgbà ìkórè, mo dúró nínú oko àjàrà kan lórí òkè Langhe, ní agbègbè Piedmont lórílẹ̀-èdè Ítálì, kùrukùru sì bo ilẹ̀ débi pé n kò rí ilé tí mo ti jáde wá mọ́. Bàbá àgbẹ̀ tó gbà mí lálejò já èso kan, wọ́n fi àtàǹpàkò nù ún, lẹ́búlẹ́bú funfun tó bò ó lára bí àtíkè sì ṣí kúrò. Wọ́n ní Nebbiolo nìyẹn, èyí tí wọ́n fi ń ṣe ọtí Barolo àti Barbaresco, àti pé "nebbia", tí í ṣe kùrukùru ní èdè wọn, ni ọ̀pọ̀ gbà pé ó bí orúkọ náà. Àwọn kan ní kùrukùru ìgbà ìkórè ni. Àwọn mìíràn ní lẹ́búlẹ́bú ara èso yẹn ni. Ti lẹ́búlẹ́bú ni èmi fara mọ́, nítorí ó ṣojú mi. Orúkọ náà ti pẹ́ gan-an: láti ọ̀rúndún kẹtàlá ni wọ́n ti kọ "nibiol" sínú ìwé nítòsí ìlú Rivoli, ní Piedmont yìí kan náà.