Ọ̀nà Kúkúrú Nínú Igbó Olókè: Ìsọ̀kalẹ̀ Ni Kí Ẹ Tọ́jú Agbára Dè

Pátákó ẹnu ọ̀nà lè sọ pé kìlómítà 3 péré ni. Ẹ má tìtorí ìyẹn wọ sálúbàtà lọ. Nínú igbó olókè, iye mítà tí ẹ máa pọ́n ló ń sọ bí ìrìn náà yóò ṣe rí ju bí ọ̀nà ṣe gùn tó lọ. William Naismith, ará Scotland tó máa ń gun òkè, ṣe ìṣirò kan lọ́dún 1892 tó ṣì wúlò títí dòní. Bí a bá fi kìlómítà àti mítà ṣe é, wákàtí 1 ni ká kà fún kìlómítà 5, ká sì fi wákàtí 1 kún un fún mítà 600 tí a bá pọ́n. Kìlómítà 3 tó ní òkè mítà 150 nínú yóò wá gba ìṣẹ́jú 36 àti ìṣẹ́jú 15, ìyẹn 51, fún ẹni tí ara rẹ̀ le tí kò sì dúró rárá. Bí ọmọdé bá wà láàárín yín, tàbí ẹ fẹ́ràn láti máa wo ẹyẹ, ẹ yáa ka wákàtí kan àtààbọ̀ sí méjì. Tí máàpù bá wà, ẹ wo àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń fi gíga ilẹ̀ hàn: ibi tí wọ́n bá ti fún mọ́ra, ibẹ̀ ni òkè ti le jù.

Ìrọ̀lẹ́ ni ó dáa kí ẹ ra bàtà, torí ẹsẹ̀ máa ń wú díẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó yẹ kí àyè bí ìbú ìka ọwọ́ kan kù níwájú ọmọ ìka ẹsẹ̀ tó gùn jù. Ìbọ̀sẹ̀ òwú máa ń mu òógùn sára. Awọ ẹsẹ̀ á rọ̀, á máa ha, ìléròrò á sì yọ. Onírun àgùntàn sàn jù ú lọ. Bí ojú kan bá ti ń gbóná ní gìgísẹ̀, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, kí ẹ lẹ pílásítà mọ́ ọn. Tí ẹ bá dúró dìgbà tó máa dunni, ó ti pẹ́.

Pípọ́nkè kò ní wàhálà púpọ̀. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúkúrú, kí ẹ máa rìn débi pé ẹ ṣì lè sọ̀rọ̀. Tí ẹ bá ń mí hẹlẹhẹlẹ, ẹ ti ń yára jù. Omi ìdajì lítà fún wákàtí kan tó. Tí oòrùn bá mú, ẹ gbé jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Gbòǹgbò igi ni kí ẹ fojú sí. Èyí tí èèpo rẹ̀ ti bó nítorí ẹsẹ̀ àwọn èèyàn, tó wá ń dán, tí òjò sì ti rọ̀ sí, yọ̀ ju òkúta lọ, pàápàá tó bá dá ọ̀nà kọjá ní ìdagun. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí rẹ̀, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ewé tútù sì máa ń bo gbòǹgbò àti òkúta mọ́lẹ̀, nítorí náà ẹ rọra fi ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ wò kí ẹ tó gbé ara lé e.

Ní orí òkè, kí ẹ tó yíjú sísàlẹ̀, ẹ tú okùn bàtà. Ẹ gbá gìgísẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ó wọ ẹ̀yìn bàtà dáadáa, ẹ fa okùn le níbi ọrùn ẹsẹ̀, ẹ wá so ó. Bí ẹ kò bá ṣe é, ẹsẹ̀ á máa yọ̀ síwájú, ìka á máa kọlu imú bàtà, èékánná á sì dúdú. Ẹ tẹ orúnkún díẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúkúrú, ẹ má fara sẹ́yìn, torí ìfarasẹ́yìn gan-an ló ń mú ẹsẹ̀ yọ̀. Tí ẹ bá ní ọ̀pá ìrìn tó ṣeé fà gùn, ẹ fà á gùn díẹ̀ ju bí ẹ ṣe lò ó nígbà tí ẹ ń pọ́nkè.

Ibi tí ọ̀nà bá ti ń ṣe kọ́lọkọ̀lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé e kọjá. Ibi tí ẹsẹ̀ bá là tààrà ni omi òjò ń gbà sáré, á gbẹ́ ilẹ̀ lọ, gbòǹgbò á sì ṣí sílẹ̀. Ó máa ń dùn wá láti rí ọ̀nà tí wọ́n fara balẹ̀ là, tó di kòtò nítorí ìṣẹ́jú méjì tí ẹnì kan fẹ́ jèrè.

Abẹ́ igi máa ń ṣókùnkùn ṣáájú ìta gbangba, nítorí náà ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání. Fóònù sì lè fi mítà díẹ̀ ṣìnà tó bá ń fi ibi tí ẹ wà hàn, torí ewé tó pọ̀ lókè ń dí i lọ́wọ́. Àmì ọ̀dà ara igi ni kí ẹ máa tẹ̀ lé. Tí ẹ kò bá rí àmì mọ́, ẹ padà síbi tí ẹ ti rí èyí tó kẹ́yìn.

Nílé, ẹ wo abíyá, ẹ̀yìn orúnkún àti abẹ́ ìrun fún eégbọn. Ẹ fi ẹ̀mú kékeré di orí rẹ̀ mú nítòsí awọ, kí ẹ fà á sókè tààrà láìlọ́ ọ. Ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, iwájú itan lè máa ro yín. Ìsọ̀kalẹ̀ ló fà á, torí iṣan náà ń nà bó ṣe ń gbé ara yín dúró. Ìrìn wẹ́rẹ́ lórí ilẹ̀ títẹ́jú máa ń mú un rọ̀.