Àgọ́ lórí òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè l'Ẹ̀fọ̀n-Aláayè la ó pàgọ́ sí. Onílẹ̀ ló yọ̀ǹda ibẹ̀. Ọ̀nà rẹ̀ le, òkúta á ha ìsàlẹ̀ ọkọ̀ kúkúrú. Jíìpù ni kẹ́ ẹ gbé wá. Gíá kìíní ni kẹ́ ẹ fi sọ̀kalẹ̀: bí ẹ bá ń tẹ bíréèkì ṣáá, á gbóná, kò sì ní mú mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pàgọ́ sí ipa àgbàrá, bó ti wù kó tẹ́jú tó! Ẹ la kòtò tóóró sápá òkè àgọ́ kí omi lè yà lọ. Níbi tí àpáta kò ti gba èèkàn, ẹ so okùn mọ́ òkúta ńlá. Ẹ gbé omi mímu àti ìlò wá, lítà 4 fún ẹnì kan lójúmọ́. Lásìkò ọyẹ́, ẹ ro koríko yí iná ká, kẹ́ ẹ sì bomi pa á títí eérú á fi tutù.