Ewé Akíntọ́lá lọ́nà oko

Lánàá, nígbà tí èmi àti ìyá àgbà ń bọ̀ láti oko wa lẹ́yìn Ilé-Ifẹ̀, àdá ṣá mi ní ìka, ẹ̀jẹ̀ sì bo gbogbo ọwọ́ mi. Ewé imí èṣù ni mo kọ́kọ́ nawọ́ sí, nítorí mo rò pé Akíntọ́lá, ewé tí a fi ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, ni. Ìyá àgbà dá mi dúró, wọ́n ní ewé imí èṣù náà ń wo egbò sàn, ṣùgbọ́n kí n wò ó dáadáa: ewé rẹ̀ kéré, ó sì rí roboto, nígbà tí ti Akíntọ́lá tóbi, tí ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó. Wọ́n já Akíntọ́lá, wọ́n gbo ó láàárín àtẹ́lẹwọ́ títí omi rẹ̀ fi kán sójú ọgbẹ́. Ó ta mí gan-an, ẹ̀jẹ̀ sì dá. Síbẹ̀, wọ́n ní mo gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, mo sì ti gbà á láàárọ̀ yìí.