Nígbà tí àléébù láptọ́ọ̀pù bá di àbíkú

Àléébù kan wà tó jẹ́ pé bí a ṣe ń tún un ṣe ló ń padà wá. Ẹ ó nu fáànù, láptọ́ọ̀pù á dára fún ọ̀sẹ̀ méjì, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójijì. Ẹ ó pààrọ̀ ṣájà, iná bátìrì á tàn, tó bá di ọjọ́ kẹta á tún kọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àbíkú ṣe ń sọ olóògùn dèké. Ṣùgbọ́n ohun tó ń mú ti ẹ̀rọ padà wá kò ṣókùnkùn: ibi tó ti ń hàn la tọ́jú, a kò dé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo àléébù tó ń padà ló ní àsìkò tirẹ̀, àsìkò yẹn gan-an ló sì ń tú àṣírí ẹ̀yà tó ń ṣe é.

Nítorí náà, ìwé kékeré kan ló yẹ kó ṣáájú screwdriver. Nígbàkigbà tó bá ṣẹlẹ̀, ẹ kọ aago sílẹ̀, ìṣẹ́jú mélòó tí ẹ̀rọ ti wà ní títàn, bóyá orí ṣájà ló wà tàbí orí bátìrì, iye tó kù nínú bátìrì, iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́, ibi tí ẹ gbé e lé, àti bóyá ẹnikẹ́ni sún un tàbí fọwọ́ kan ìdérí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún péré ti tó láti fi rí ojú ọ̀nà. Bó bá jẹ́ ìgbà tí iṣẹ́ bá le fún bí ogún ìṣẹ́jú ló máa ń kú, ooru ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ gbé e tàbí tí ẹ ṣí i ni, ẹ lọ wo wáyà àti ojú ìsopọ̀. Bó bá jẹ́ orí bátìrì nìkan, bátìrì; orí ṣájà nìkan, ṣájà tàbí ihò rẹ̀. Èyí tí kò ní àsìkò rárá, tó ń dé bó ṣe wù ú, RAM (ibi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí) àti díìsìkì (ibi tó ń tọ́jú fáìlì sí) ni mo máa ń kọ́kọ́ wò.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yà á sọ́tọ̀ bóyá ara ẹ̀rọ ni tàbí Windows, ètò tó ń darí rẹ̀. Ẹ gbé Linux, ètò mìíràn tó lè ṣe iṣẹ́ Windows, sórí fláàṣì 8GB, kí ẹ tan ẹ̀rọ láti orí fláàṣì náà, kí ẹ sì lò ó bẹ́ẹ̀ fún àkókò tó ju èyí tí àléébù fi ń dé lọ. Bó bá bá yín débẹ̀, Windows kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ẹ tún lè wọ inú BIOS, ètò kékeré tó ń jí ẹ̀rọ kí Windows tó dé, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan: ẹ̀rọ tó bá kú nínú BIOS, ara rẹ̀ ni kò yá. Àmọ́ ẹ má ṣi èyí lóye: bí àléébù kò bá wá lórí fláàṣì, ẹ má tíì dá ara ẹ̀rọ láre, nítorí ní gbogbo àkókò yẹn, díìsìkì inú rẹ̀ kàn jókòó ni.

Windows náà máa ń kọ ohun tójú rẹ̀ rí sílẹ̀. Ẹ tẹ Win àti R pọ̀, ẹ kọ eventvwr.msc, kí ẹ wọ Windows Logs, kí ẹ tẹ System. Kernel-Power 41 ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rí, wọ́n á sì sáré lọ ra ṣájà tuntun. Ohun tó ń sọ kò ju pé ẹ̀rọ kú láìdágbére lọ; kò sọ ẹni tó pa á. Ẹ ṣí i wò: bí BugcheckCode, nọ́ńbà àṣìṣe tí Windows ń kọ, bá jẹ́ 0, iná ló já lójijì, tàbí kí ẹ̀rọ ti dúró gbagidi tó fi jẹ́ pé kò ráyè kọ nǹkan kan. WHEA-Logger 18 ló ń fi ìka kan ara ẹ̀rọ ní tààràtà. Disk 7 àti 153 ń pe díìsìkì. Lórí Linux, journalctl -b -1 -e ló máa ń fi ohun tó kọ kẹ́yìn kó tó kú hàn.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ooru, nítorí ibẹ̀ ni àtúnṣe ìdajì pọ̀ sí jù. Ẹ ṣí HWiNFO, ètò tó ń fi ooru inú ẹ̀rọ hàn, ẹ fún ẹ̀rọ ní iṣẹ́ tó le, kí ẹ máa wo bí ooru ṣe ń gòkè. Bó bá fò láti 45°C dé 95°C láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, heatsink (irin tó ń gba ooru) kò fara kan CPU (ọpọlọ ẹ̀rọ) dáadáa: thermal paste, ìpara tó wà láàárín wọn, ti gbẹ, tàbí skúrù kan kò fún. Bó bá ń gun díẹ̀díẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá kó tó débẹ̀, atẹ́gùn ni kò rí ọ̀nà jáde. Àtúnṣe méjèèjì kò jọra, ẹni tó bá sì ṣe ọ̀kan dípò èkejì á rí àléébù rẹ̀ padà. Ọ̀pọ̀ CPU láptọ́ọ̀pù á dín eré rẹ̀ kù fúnra rẹ̀ bó bá ti ń sún mọ́ 100°C. Bí ooru bá ṣì ń lọ sókè, ẹ̀rọ á pa ara rẹ̀ kó má baà jó.

Ní ti eruku, afẹ́fẹ́ tí a ń fẹ́ sí i láti ìta kò tó. Ẹ tú ìdérí fáànù fúnra rẹ̀. Skúrù kéékèèké mẹ́ta sí márùn-ún ló sábà máa ń dì í mú. Láàárín fáànù àti àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó tò bí eyín òòyà, ẹ ó rí eruku tó ti hun mọ́ra wọn, ó ki, ó rọ̀, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti eérú, ó dà bí ègé aṣọ òtútù. Ẹ fi ìka mú etí rẹ̀ kan, gbogbo rẹ̀ á ká jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí ni afẹ́fẹ́ láti ìta kàn ń tì sẹ́yìn sínú ilé fáànù, tí fáànù á sì tún fà padà síbi tó wà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Bí ẹ bá ń fẹ́ ìyókù, ẹ fi ìka di abẹ fáànù mú kó má baà yí, nítorí àyíjù lè ba ìdí rẹ̀ jẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ tú heatsink, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ àwọn skúrù rẹ̀. Wọ́n sábà máa ń kọ 1, 2, 3, 4 síbẹ̀, kí ẹ lè mọ èyí tó ṣáájú èyí. Ẹ tú wọn díẹ̀díẹ̀ kí irin náà má tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. CPU láptọ́ọ̀pù kò ní ìdérí irin lórí, etí rẹ̀ lè kán. Ẹ fi isopropyl alcohol tó tó 90% nu paste àtijọ́ kúrò pátápátá, kí ẹ tẹ́ tuntun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kó bo ojú CPU dé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Paste tó ṣàn jù máa ń rìn kúrò láàárín nígbàkigbà tí irin bá gbóná tó sì tutù, ìdí nìyẹn tí ooru fi ń padà lẹ́yìn oṣù mélòó kan bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ yín mọ́ nídìí iṣẹ́ náà. Èyí tó ki ni kí ẹ lò. Ohun mìíràn tó ń da iṣẹ́ rú ni thermal pad, ègé rírọ̀ tó wà lórí àwọn chip tó yí CPU ká. Bí èyí tí ẹ yọ bá jẹ́ 0.5 mm, tí ẹ wá fi 1.5 mm rọ́pò rẹ̀, orí pad ni heatsink á dúró lé, kò ní kan CPU mọ́, ẹ̀rọ á sì gbóná ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Etí rẹ̀ tí irin kò tẹ̀ ni kí ẹ wọ̀n, nítorí àárín rẹ̀ ti fẹ́lẹ́.

Ọ̀rọ̀ iná ló ń ná àwọn èèyàn lówó lásán. Ẹ kà á lára ṣájà: 19.5V 3.34A jẹ́ 65W, 19.5V 4.62A jẹ́ 90W. Láptọ́ọ̀pù tó ń fẹ́ 90W lè tàn lórí 65W, ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá pọ̀, á máa falẹ̀, tàbí kí bátìrì máa lọ sílẹ̀ nígbà tí ṣájà ṣì wà nídìí rẹ̀. Lórí USB-C, wáyà ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Wáyà tí kò ní chip tó ń sọ fún ṣájà pé òun lè gbé 5A kì í kọjá 3A, ìyẹn 60W ní 20V, bó ti wù kí ṣájà lágbára tó. Ẹ má sì gbára lé mítà nìkan: ṣájà tó ti rẹ̀ lè fi 19.5V hàn nígbà tí kò gbé ẹrù kankan, kó wá wó lulẹ̀ bí láptọ́ọ̀pù bá ní kó gbé e. Àyẹ̀wò tó sàn jù ni ṣájà mìíràn tó dára, tí V rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, tí A rẹ̀ tó tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí ṣájà bá dára, ó ku ihò rẹ̀. Ẹ tan ìmọ́lẹ̀ sínú rẹ̀. Ṣé ike inú rẹ̀ ti pọ́n bí igi tí iná rá? Ṣé irin àárín rẹ̀ ń mì? Bí ihò náà bá jẹ́ èyí tí wọ́n fi léèdì (solder) jó mọ́ bọ́ọ̀dù, ẹ fi awò asọǹkandi-ńlá wo ẹ̀yìn rẹ̀: léèdì tó ti ya máa ń ní òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ kan yí ẹsẹ̀ irin náà ká, bí ẹni fi abẹ́rẹ́ ya ilà sí i. Òrùka yẹn ló ń jẹ́ kí iná wọlé bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sọ́tùn-ún, kó sì já bí ẹ bá fi í sílẹ̀. Àtúnjó léèdì lè tó nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n bí ike bá ti jó, ẹ pààrọ̀ ihò náà, kí ẹ sì wo ẹnu ṣájà pẹ̀lú, nítorí ẹnu tó ti jóná á máa gbóná nínú ihò tuntun títí á fi jó òun náà. Àìwo ẹnu ṣájà ló ń sọ ihò ṣájà di ohun tí à ń pààrọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà.

Bátìrì rọrùn láti yẹ̀ wò. Ẹ kọ powercfg /batteryreport nínú Command Prompt, ẹ ṣí ìwé tó bá gbé jáde, kí ẹ fi Full Charge Capacity wé Design Capacity. Bí èyí tó yẹ kó gbà bá jẹ́ 50,000 mWh, tó wá ku 22,000, kó má yà yín lẹ́nu bó bá kú nígbà tó ṣì ń pe ara rẹ̀ ní 30%: ó ti rẹ̀ ẹ́, kò lè gbé iṣẹ́ òjijì. Bó bá sì ti wú, tó ń ti touchpad sókè tàbí tó ń ya ìdérí ìsàlẹ̀ sílẹ̀, ẹ pa ẹ̀rọ lójú ẹsẹ̀, ẹ yọ ṣájà, ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́ padà, ẹ má ṣe gún un. Ó lè gbiná.

Ọwọ́ díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fi ń mú RAM. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ ṣájà, ẹ yọ ìsopọ̀ bátìrì kúrò lára bọ́ọ̀dù, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì ìtanná mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kí ẹ sì fọwọ́ kan irin kó lè gba iná ara yín. Ẹ ya apá irin méjèèjì tó di RAM mú, á sọ orí sókè fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá ń dá a padà, ẹ dagun rẹ̀, ẹ tì í wọlé títí ojú wúrà rẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé tán, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó dún. RAM tí kò wọlé tán lè ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan kó tó dá wàhálà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi MemTest86 yẹ̀ ẹ́ wò ní ìgbà mẹ́rin gbáko. Ó lè gba wákàtí púpọ̀, ẹ jẹ́ kó ṣe é mọ́jú. Àṣìṣe kan ṣoṣo ti pọ̀ jù. Bí RAM bá jẹ́ méjì, ẹ yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò nínú ihò kọ̀ọ̀kan: bí àṣìṣe bá ń tẹ̀ lé RAM kiri, RAM ló bàjẹ́, bó bá dúró sínú ihò kan, bọ́ọ̀dù ni.

Ní ti díìsìkì, ẹ kọ́kọ́ kó ẹrù yín, ìyẹn àwọn fáìlì yín, jáde. Ẹ má ṣe sáré fi chkdsk /r, àṣẹ tí Windows fi ń wá ojú tó bàjẹ́, lé díìsìkì tó ń kú, iṣẹ́ tó le ni, ó lè parí rẹ̀ kí ẹ tó kó nǹkan kan. CrystalDiskInfo tàbí smartctl -a á fi àkọsílẹ̀ rẹ̀ hàn. Bí 05 (iye ojú tó ti bàjẹ́ tí wọ́n ti rọ́pò) tàbí C5 (iye èyí tí a ń fura sí) bá ń pọ̀ sí i láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, díìsìkì ń lọ nìyẹn. C7, iye àṣìṣe tó ń ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà díìsìkì, yàtọ̀: wáyà tàbí ojú ìsopọ̀ ló sábà máa ń tọ́ka sí, ọ̀pọ̀ díìsìkì tó dára ni wọ́n sì ti sọnù nítorí rẹ̀. Iye C7 kì í padà sílẹ̀, nítorí náà ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ yọ wáyà náà, ẹ tì í padà sójú ìsopọ̀ rẹ̀ dáadáa, kí ẹ máa wò ó bóyá á tún gbéra.

Ojú láptọ́ọ̀pù tó ń ṣẹ́jú nígbà tí ẹ bá gbé ìdérí, wáyà tó gba inú híńjì kọjá ló sábà máa ń fà á. Ẹ so ojú mìíràn mọ́ ọn nípasẹ̀ HDMI. Bí ti ìta bá dúró jẹ́ẹ́, ọ̀rọ̀ ti yanjú. Bí híńjì bá le jù tàbí tó ti ya, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, bí kò ṣe bẹ́ẹ̀, á já wáyà tuntun pẹ̀lú.

Ohun kan wà tí mi ò fọwọ́ sí rárá: kí wọ́n fi ooru jó chip àwòrán tó ti bàjẹ́ kó lè tún tàn. Ó lè tàn lóòótọ́, fún ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Nígbà tó jẹ́ pé inú chip fúnra rẹ̀ ni ìsopọ̀ ti já, ooru kàn ń fà á kan ara wọn fún ìgbà díẹ̀ ni. Bí ẹ bá gbà á, ẹ fi àyè yẹn kó ẹrù yín jáde.

Bí ẹ bá ti ṣe àtúnṣe, ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ lè mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Ẹ ya àwòrán ìdí láptọ́ọ̀pù sórí bébà, kí ẹ lẹ skúrù kọ̀ọ̀kan mọ́ ojú ihò rẹ̀. Skúrù gígùn tó bá wọ ihò kúkúrú lè gún bọ́ọ̀dù, àléébù tuntun ti dé nìyẹn. Àléébù tó ń wá lọ́jọ́ mẹ́ta mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́ta tí kò wá kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ fún un ní ọjọ́ mẹ́wàá, lórí iṣẹ́ tó le tó ti tẹ́lẹ̀, níbi tó gbóná tó ti tẹ́lẹ̀. Bó bá sì di dandan kí ẹ gbé e fún oníṣẹ́, ẹ fún un ní àkọsílẹ̀ yín, ẹ sọ ohun tí ẹ ti pààrọ̀ fún un, kí ẹ gba ẹ̀yà tó bá yọ padà, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i lára.