MicroPython lórí bọ́ọ̀dù kékeré: RAM ni kí ẹ máa ṣọ́

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fi ESP32 (bọ́ọ̀dù kékeré tó ní WiFi) ṣe ẹ̀rọ tí yóò máa tan sumo (ẹ̀rọ tó ń fa omi) fúnra rẹ̀, tí yóò sì máa pa á bí táǹkì bá kún, MicroPython, ìyẹn Python tí wọ́n ṣe fún bọ́ọ̀dù kékeré, tó iṣẹ́ náà í ṣe. Kò di dandan kí ẹ fi èdè C kọ kóòdù. Táǹkì orí àwọn ilé tó wà l'Ókè-Baálẹ̀ àti Ọ̀tà-Ẹ̀fun l'Óṣogbo kì í yára kún débi pé ìdádúró bíńtín nínú kóòdù yóò jẹ́ kí omi ṣàn dànù. Ohun tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ ni RAM, ìyẹn àyè ìrántí tí kóòdù ń lò bó bá ń ṣiṣẹ́, lẹ́yìn náà iná.

Ẹ mọ bọ́ọ̀dù tí ẹ ń rà. RAM 2 KB péré ni Arduino Uno R3 ní, MicroPython ò lè gbé ibẹ̀. Raspberry Pi Pico ní 264 KB. ESP32 ní 520 KB, àmọ́ WiFi máa bù nínú rẹ̀ kó tó kan kóòdù yín.

Àìsàn tó wọ́pọ̀ jù rèé: kóòdù á ṣiṣẹ́ geerege fún ọjọ́ mẹ́ta, á wá kú lójijì pẹ̀lú MemoryError (àṣìṣe pé kò rí àyè), bẹ́ẹ̀ gc.mem_free(), tó ń ka àyè tó kù, ṣì ń sọ pé àyè pọ̀. Ẹ wo Ọjà Ọba níbí l'Óṣogbo. Ìsọ̀ ogún lè ṣófo káàkiri, síbẹ̀ ẹni tó fẹ́ ìsọ̀ mẹ́ta tó fara kanra lè má rí i. Bí RAM ṣe ń rí nìyẹn. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá fi + so ọ̀rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ nínú while (ìyípo tó ń tún iṣẹ́ kan náà ṣe), Python á wá àyè tuntun, á sì fi ti tẹ́lẹ̀ sílẹ̀ de gc, agbálẹ̀ inú rẹ̀, kó wá gbá a. Díẹ̀díẹ̀, àyè á já sí wẹ́wẹ́.

Nítorí náà, ẹ gba àyè yín láàárọ̀, kí ọjà tó kún. Ẹ kọ buf = bytearray(256) sókè, kí while tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì máa fi readinto(buf) ka nǹkan sínú rẹ̀. Òkè náà ni kí gbogbo import wà. Ẹ pe gc.collect() ní ìparí ìyípo kọ̀ọ̀kan. Bí fáìlì yín bá gùn, ẹ fi mpy-cross túmọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, torí pé bọ́ọ̀dù ń jẹ RAM bó bá ń túmọ̀ kóòdù fúnra rẹ̀.

Ó wá kan HC-SR04, sẹ́ńsọ̀ tó ń fi ìró wọn omi. 5 V ni Echo, ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń mú èsì jáde, ń gbé jáde, 3.3 V sì ni ESP32 ń fẹ́. Ẹ fi resistor 1 kΩ sáàárín Echo àti pin (ẹsẹ̀) ESP32, kí ẹ fi 2 kΩ láti pin náà lọ sí ground. Ẹ má fi while ka àkókò, machine.time_pulse_us(echo, 1, 30000) ni kí ẹ lò, kí ẹ pín in sí 58 láti rí sẹ̀ǹtímítà. Bí ìró ò bá padà, -1 tàbí -2 ló máa fún yín. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: ẹ pín -2 sí 58, ó kù díẹ̀ kó jẹ́ 0, kóòdù á rò pé omi ti kan ẹnu táǹkì. Sumo á dákẹ́, omi á tán, NEPA la ó máa bá wí. Èyí tó bá kéré sí 0, ẹ dà á nù. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀marùn-ún, ẹ tò wọ́n, ẹ mú ti àárín.

Rìlé (súwíṣì tí kóòdù ń tan) búlúù 10 A yẹn ò gbọdọ̀ gbé sumo. Bí mọ́tò bá ń gbéra, iná tó ń fà máa ń ju ti ìgbà tó ń ṣiṣẹ́ lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Irin inú rìlé á jó pọ̀ mọ́ra, kò sì sí kóòdù tó tún lè pa sumo. Ẹ jẹ́ kí rìlé tan contactor (súwíṣì ńlá tó lè gbé mọ́tò), kí contactor gbé sumo. Pin GPIO 26 tàbí 27 ni kí ẹ lò fún rìlé. Ẹ yẹra fún 0, 2, 12 àti 15, torí ESP32 ń kà wọ́n bó bá ń jí. Ẹ fi WDT(timeout=8000) sí i, ìyẹn ọlọ́dẹ tó ń tún bọ́ọ̀dù bẹ̀rẹ̀ bí kóòdù bá kú, ẹ̀ẹ̀kan péré ní ìparí while sì ni kí ẹ kọ wdt.feed(), tó ń sọ fún un pé kóòdù ṣì wà láàyè. Bí ẹ bá gbé e sínú timer (aago tó ń ṣiṣẹ́ lọ́tọ̀), while lè kú kí ẹnikẹ́ni má mọ̀.

Kó tó gun orí ilé, ẹ fi sílẹ̀ lórí tábìlì fún ọ̀sẹ̀ kan, kó máa tẹ mem_free jáde ní wákàtí-wákàtí. Ẹ já wáyà sẹ́ńsọ̀ nígbà tí rìlé ń ṣiṣẹ́. Ẹ pa sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ tàn án, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Bí rìlé bá dún kà kí kóòdù tó bẹ̀rẹ̀, ẹ so resistor 10 kΩ mọ́ pin rẹ̀: sí 3.3 V bó bá jẹ́ 0 ló ń tan rìlé, sí ground bó bá jẹ́ 1.