Ẹ Bi Wá Léèrè Kí Ẹ Tó Dá Wa Lẹ́jọ́

Ẹ̀yin abiyamọ tí wárápá ń bá ọmọ yín jà, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú mi á dùn bí àwọn tó ń jókòó tì wá nínú ìjọ bá gbọ́ ọ. Ohun tí wọ́n ṣe fún èmi àti ọmọ mi nínú ìjọ wa ṣì ń ta mí lára. Bí ohùn mi bá le, ẹ fara dà á fún mi. Mi ò bínú sí Ọlọ́run, mi ò sì kúrò nínú ìgbàgbọ́, kẹ́nikẹ́ni má wá sọ pé mo ń ba ìjọ Kristi jẹ́.

Ọjọ́ Ìkórè àwọn ọmọdé ni. Ẹ mọ bí ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ń rí: aṣọ ẹgbẹ́, ìlù, àwọn ọmọ tò wá síwájú pẹ̀lú ọsàn àti iṣu. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 8, wà lára àwọn tó fẹ́ ka Bíbélì. Kò tíì dé iwájú tí ojú rẹ̀ fi yí sókè, ó ṣubú lulẹ̀ gbì, apá àtẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ìlù dákẹ́. Kí n tó já gba àárín àwọn ìyá kọjá, gbogbo àyíká ọmọ náà ti ṣófo, kálukú ń fa ọmọ tiẹ̀ sẹ́yìn. Ẹnì kan ń pariwo pé kí wọ́n má tẹ itọ́ rẹ̀ o, pé ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ á kó o. Òmíràn ní kí wọ́n sáré wá àdín. Bàbá kan yọ ṣíbí nínú abọ́ ìrẹsì, ó ń fi tipátipá tì í bọ ọmọ mi lẹ́nu, pé kó má gé ahọ́n ara rẹ̀ jẹ. Etí mi báyìí ni mo fi gbọ́ ìró eyín. Eyín iwájú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀, tí a máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nílé pé ó tóbi ju ẹnu rẹ̀ lọ, òun ni ṣíbí yẹn kán lápá kan. Ẹ̀jẹ̀ dà pọ̀ mọ́ itọ́. Ìgbà tí wọ́n rí ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n wá gbà pátápátá pé ẹ̀mí èṣù ni.

Ọ̀kan nínú àwọn alàgbà wá dúró lé mi lórí níbi tí mo kúnlẹ̀ sí. Ó gbóhùn sókè kí gbogbo ìjọ lè gbọ́: "Arábìnrin, kí lo ṣe tó o fi pa mọ́? Jẹ́wọ́, kí ọmọ yìí lè rí ìdáǹdè." Ọmọ mi ti tọ̀ sára aṣọ funfun tí mo rán fún un, gbogbo ojú ń wò ó, wọ́n wá ní kí n jẹ́wọ́. Kí ni kí n jẹ́wọ́? Pé mo bímọ?

Obìnrin tó ń gbálẹ̀ ìjọ, tí wọn kì í pè sí ìpàdé kankan, òun ló wá kúnlẹ̀ tì mí. Ó tú gèlè rẹ̀, ó ká a sábẹ́ orí ọmọ náà, ó rọra yí i fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ kí itọ́ lè ṣàn jáde. Ó wá rọra bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ó ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀ ni àbí òní ló bẹ̀rẹ̀?" Nínú gbogbo èrò tó wà níbẹ̀, òun nìkan ló béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi tí kì í ṣe ẹ̀sùn.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ránṣẹ́ sí wa pé kí ọmọ náà ṣì máa jókòó sílé, kó má baà ran àwọn yòókù.

Ká má fa ọ̀rọ̀ gùn, a gbé e lọ sí Àrò, ọsibítù tí wọ́n ti ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ ní Abẹ́òkúta. Àwọn ẹbí ní, "Ṣé orí ọmọ ti dàrú ni?" A ò dá wọn lóhùn. Wọ́n fún un ní carbamazepine, oògùn wárápá, ó ń lò ó láìpa ọjọ́ kan jẹ, ó sì ń lọ sílé ìwé. Ọlọ́run ṣeun.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nìyí. Ẹ ṣí Máàkù orí 9. Nígbà tí Jésù dé ibẹ̀, àríyànjiyàn ló bá láàárín àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ àtàwọn akọ̀wé, ọmọ tó ń ṣàìsàn sì wà nílẹ̀. Ó bi bàbá ọmọ náà pé, "Ó ti pẹ́ tó ìgbà wo tí èyí ti dé bá a?" Bàbá ní láti kékeré ni. Ẹni tó mọ ohun gbogbo ló béèrè yẹn o! Nígbà tí a dé Àrò, ohun tí dókítà kọ́kọ́ bi wá nìyẹn gan-an: ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, ta ló rí i, ó máa ń pẹ́ tó báwo. Jésù béèrè, dókítà béèrè, agbálẹ̀ béèrè. Alàgbà ló mọ̀dí láìbéèrè.

Jésù kò sì ní kí bàbá yẹn jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Ọkùnrin náà fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ìgbàgbọ́ òun kò pé, síbẹ̀ kò lé e padà. Nínú Jòhánù orí 9, àwọn ọmọ ẹ̀yìn ní ta ló dẹ́ṣẹ̀, afọ́jú yìí ni àbí àwọn òbí rẹ̀. Ó ní kì í ṣe ẹnikẹ́ni nínú wọn. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù ńkọ́? Ọjọ́ 7 ni wọ́n fi jókòó tì í nílẹ̀ láìsọ̀rọ̀, wọ́n sì ṣe dáadáa. Ìgbà tí wọ́n lanu tí wọ́n ń wá ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n bà á jẹ́, títí Ọlọ́run fi bínú sí wọn. Bí ẹ ò bá lè béèrè, ẹ kúkú dákẹ́ bíi tiwọn.

Àwọn kan á ní dókítà ò rí ohun tó bá jẹ́ ti ẹ̀mí. Ó dáa, mo gbọ́. Mo ń gbàdúrà sórí oògùn yẹn kí n tó fún un. Ẹ ṣáà bi mí léèrè ná.

Itọ́ ọmọ tí wárápá gbé kì í ranni. Ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má fún un ní àdín tàbí ìtọ̀ màlúù, ẹ má gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ síná. Mo rí ọmọbìnrin kan ní ọsibítù tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kún fún àpá iná, torí wọ́n ní ooru ló ń lé gìrì. Ẹ yí ọmọ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ẹ tú ọrùn aṣọ rẹ̀, ẹ wo aago. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, ó di ọsibítù. Kí ẹ wá bi ìyá rẹ̀ léèrè.

Wọ́n ti ń ránṣẹ́ sí wa báyìí pé ká padà wá. Ọkọ mi ní ká lọ, ó ní ìdáríjì làwa Kristẹni ń ṣe. Mo ti dárí jì wọ́n. Àmọ́ mi ò tíì lè jókòó níbẹ̀, mo sì ti sọ fún un pé kó má fi ipá mú mi.