Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìṣirò: ọ̀rọ̀ sí ẹ̀yin àbúrò tó fẹ́ kọ́ ẹnjiníà ní California

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ wà ní community college (kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì) ní California, tí ẹ fẹ́ ti ibẹ̀ wọ yunifásítì lọ kọ́ ẹnjiníà, kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì kankan, ẹ wo ibi tí ẹ bá ìṣirò dé. Ibẹ̀ ni gbogbo ètò yín máa dúró lé.

Ní ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ẹni tí kò tíì ṣe kálkúlọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ kò lè wọ físíìsì tí àwọn ẹnjiníà ń ṣe. Láìsí apá àkọ́kọ́ físíìsì yẹn, kò sí statics, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa agbára tó ń ṣiṣẹ́ lára ohun tó dúró sójú kan. Apá físíìsì tó dá lórí iná mànàmáná ń dúró de kálkúlọ́ọ̀sì kejì, circuits (ẹ̀kọ́ nípa àyíká iná) sì ń dúró de apá físíìsì yẹn. Kálkúlọ́ọ̀sì kẹta, linear algebra àti differential equations, tí ìṣirò ni gbogbo wọn, ṣì wà níwájú. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti precalculus, ìṣirò tó ṣáájú kálkúlọ́ọ̀sì, ó ṣòro kó parí lọ́dún méjì, àfi tó bá ń fi summer ṣe ìṣirò. Bó bá di ọdún mẹ́ta, ẹ fọkàn balẹ̀, kódà bí wọ́n bá ń pè láti ilé pé àwọn ẹgbẹ́ yín ní UNILAG ti ń kọ project. Ọdún kẹta ni yunifásítì máa gbà yín sí, kò sì sẹ́ni tó máa dúró kọ́ yín ní ìpìlẹ̀ níbẹ̀.

Orí ìkànnì ASSIST.org ni àdéhùn láàárín kọ́lẹ́ẹ̀jì àti yunifásítì UC (University of California) pẹ̀lú CSU (California State University) wà, ìyẹn àdéhùn nípa kọ́ọ̀sì kọ́lẹ́ẹ̀jì tí yunifásítì máa kà fún yín. Ẹ yẹ yunifásítì mẹ́ta tàbí mẹ́rin wò, ẹ tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: ní ti kíkọ ètò kọ̀ǹpútà, ibì kan lè fẹ́ C++, ibòmíràn MATLAB. Èyí tí gbogbo wọn bá béèrè ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Bí kọ́lẹ́ẹ̀jì yín kò bá ní statics, ẹ lọ ṣe é ní èyí tó wà nítòsí. Àmọ́ ibì kan ni kí ẹ ti parí físíìsì, torí àdéhùn sábà máa ń ka gbogbo apá rẹ̀ pọ̀ ni.

Wọn á tún ní kí ẹ parí Cal-GETC, ìyẹn àkójọ kọ́ọ̀sì gbogboogbò tí UC àti CSU ń gbà. Fún ẹnjiníà, kọ́ọ̀sì iṣẹ́ yín ló ṣáájú. Kọ́ọ̀sì méjì lórí ìwé kíkọ lédè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kí ẹ má fi falẹ̀, dandan ni lọ́dọ̀ UC.

Ọgbà UC mẹ́fà ló ń ṣe TAG, ìyẹn ìdánilójú ìgbàwọlé. Berkeley, UCLA àti San Diego kò sí níbẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo ẹ̀ka ẹnjiníà ló wà nínú rẹ̀. Oṣù September ni wọ́n ń gba fọ́ọ̀mù rẹ̀, ọgbà kan péré lẹ sì lè yàn.

Ẹ wo ìwé ètò kíláàsì ọdún tó kọjá pẹ̀lú. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré, wọ́n lè má kọ́ statics ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún. Bí kíláàsì bá ti kún, ẹ wọ waitlist (orúkọ àwọn tó ń dúró de àyè), kí ẹ sì rí i pé ẹ jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, torí ọjọ́ yẹn ni àyè sábà máa ń ṣí.